Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá: Ta Ló Ni Ín, Ta Ló sì Lè Wo Inú Rẹ̀?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí kì í ṣe ti gírámà mọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé: "Prof, kíbọ́ọ̀dù wo ni kí n gbé sórí fóònù mi tí mo fi lè tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì?" Ìdáhùn wà ní ìsàlẹ̀, àmọ́ ẹ má sáré débẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí à ń mú bí ẹní mú ṣíbí nínú àwo. Ìbéèrè méjì ló yẹ ká kọ́kọ́ bi í: ta ló ni ọ́? Ta ló sì lè wo inú rẹ? Ọ̀rọ̀ òfin ni èkíní, ọ̀rọ̀ ààbò ni èkejì. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn méjèèjì ò jọra. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ojú fèrèsé kan náà la ti ń rí ìdáhùn wọn, àti pé ẹjọ́ kan wà nínú ìtàn Nàìjíríà tó yẹ kó ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2007.

Ohun tó wà láàárín ìka àti ojú ìwé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí a jọ mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún èdè Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà 26. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ níbẹ̀, ká má tíì sọ ti àmì ohùn. Bẹ́ẹ̀, owó kì í ṣe ọwọ́, ọwọ́ kì í ṣe ọwọ̀, ọwọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá kọ "owo" lásán ránṣẹ́ sí mi, àfi kí n máa méfò: ṣé owó ló ń tọrọ ni, àbí ọ̀wọ̀ ló fẹ́ kí n bù fún òun, àbí ìgbálẹ̀ ló ń wá?

Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà. Àkójọ àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní Unicode, òun ló fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà, ó fún á àti à náà. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ńṣe lẹ máa to lẹ́tà àti àmì ohùn tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ̀rọ tó gbé ọ̀kan gun orí èkejì. Ìdí nìyẹn tí àmì ohùn wa fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi fọ́ǹtì tí kò dáa tẹ̀.

Nítorí náà, ètò kan gbọ́dọ̀ wà láàárín ìka yín àti ojú ìwé. Iṣẹ́ ètò yìí ni kó gbọ́ bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀, kó sì pinnu lẹ́tà tí yóò jáde. Ọgbọ́n tó wà fún un ò pọ̀. Ọ̀kan ni bọ́tìnnì àfikún: bí Shift ṣe ń sọ a di A, bẹ́ẹ̀ ni bọ́tìnnì mìíràn, irú AltGr tó wà lápá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù àwọn ará Yúróòpù, ṣe lè sọ e di ẹ. Èkejì ni bọ́tìnnì tí kì í sún: ẹ tẹ àmì ohùn, ó dúró, ó ń retí lẹ́tà tí yóò gùn. Táípùráítà ti ń ṣe irú èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé, torí ó lè tẹ àmì sórí ìwé láìsún ìwé náà síwájú. Ẹ̀kẹta ni ti fóònù, pé kí ẹ tẹ lẹ́tà kí ẹ má tètè gbé ìka kúrò títí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ yóò fi yọjú.

Ní Ìlọrin níbí, àwọn àlùfáà wa ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, èyí tí à ń pè ní Ajami, kí iléèwé òyìnbó tó gbilẹ̀ láàárín wa. Gègé àti tàdáwà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó gé gègé ló ni gègé, gègé ò sì lè ròyìn ohun tí wọ́n fi kọ fún ẹnikẹ́ni. Kíbọ́ọ̀dù òde òní yàtọ̀. Ẹlòmíràn ló ṣe é, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń kọ.

Ẹjọ́ Konyin

Ní ọdún 2005, Nicholas Negroponte tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní Amẹ́ríkà kéde ètò kan tí wọ́n pè ní One Laptop Per Child, OLPC ní kúkúrú. Èrò náà ni pé kí ọmọ iléèwé kọ̀ọ̀kan ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó ní kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀, tí iye rẹ̀ kò ní ju nǹkan bí 100 dọ́là lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fojú sí. Ní 2007, wọ́n gbé díẹ̀ lára kọ̀ǹpútà náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ XO, lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima ní Àbújá láti dán an wò. Orí Linux ni XO dúró lé, ìyẹn ètò tí orísun rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún Nàìjíríà sì ní àyè fún lẹ́tà Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá.

Ilé-iṣẹ́ kan tún wà tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, Lagos Analysis Corporation, tí wọ́n ń gé kúrú sí LANCOR. Ìlú Natick ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni ibùjókòó rẹ̀, Ade Oyegbola sì ni ọ̀gá ibẹ̀. Àwọn ti ń ta kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń pè ní Konyin. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí lára Konyin ni pé bọ́tìnnì Shift mẹ́rin ló ní dípò méjì. Shift àfikún yìí ni ẹ ó tẹ̀ kí ẹ tó rí àwọn lẹ́tà tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì. LANCOR forúkọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ lábẹ́ òfin Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2007, LANCOR gbé OLPC lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó. Ẹ̀sùn wọn ni pé OLPC ra Konyin méjì, ó tú ètò inú rẹ̀ palẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì lo ọgbọ́n ibẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù XO. 20 mílíọ̀nù dọ́là ni owó tí wọ́n ń bèèrè. OLPC ní tiwọn ní kò sí ohun kan nínú XO tí kì í ṣe tiwọn tàbí tí wọn ò gbàyè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà di ariwo kárí ayé. Àwọn kan ní: ẹ ò rí i, òyìnbó tún ti gbé ọgbọ́n wa lọ. Àwọn mìíràn ní: ẹ wo ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ fi òfin dí ọ̀nà kọ̀ǹpútà àwọn ọmọdé ilẹ̀ rẹ̀. Èmi ò ní jókòó sórí àga adájọ́ níbí. Ohun tó ṣe pàtàkì sí mi ni bí àwọn tó fẹ́ mọ òótọ́ ṣe rí ibi wò. Ní Amẹ́ríkà, Pamela Jones tó ń kọ Groklaw, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ẹjọ́ kọ̀ǹpútà fún gbogbo ayé, gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò léraléra. Ohun kan sì wà tó mú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rọrùn: fáìlì tó sọ bí kíbọ́ọ̀dù Linux ṣe ń ṣiṣẹ́ wà níta gbangba. Ìwé lásán ni. Ìlà kan, bọ́tìnnì kan: tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lásán, lẹ́tà báyìí, tí wọ́n bá fi Shift kún un, lẹ́tà báyìí, tí wọ́n bá fi AltGr kún un, lẹ́tà báyìí. Ẹni tó bá mọ ìwé kà lè rí i pé AltGr ni XO ń lò, irú èyí tó ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù Yúróòpù tipẹ́, nígbà tó jẹ́ pé Shift mẹ́rin ni ti Konyin.

Inú Konyin ní tirẹ̀, títì ni. Nípa bẹ́ẹ̀, apá kan ẹjọ́ náà, gbogbo ayé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Apá kejì, àfi ẹni tí ilé ẹjọ́ bá ṣí i fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ̀tọ́ mẹ́ta, aṣọ òfì kan

Nígbà náà, "pátẹ́ǹtì" ni gbogbo ìròyìn ń pè é. Ẹ̀tọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ òfì tí wọ́n ń hun nílùú wa yìí ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ká ní ahunṣọ kan ní Ìlọrin dá ọgbọ́n tuntun sí òfì rẹ̀ tí òwú kò fi ní já mọ́. Ọgbọ́n tó yanjú ìṣòro nìyẹn, pátẹ́ǹtì ló wà fún un. Ká ní ó tún gbé bátànì tuntun jáde, ìlà pupa mẹ́ta láàárín funfun. Ìrísí nìyẹn, òun ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní design. Ká wá ní ó jókòó, ó kọ ìwé lórí iṣẹ́ híhun. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ló wà fún ìyẹn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da ìwé rẹ̀ kọ kó máa tà á, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè ka ìwé náà kó sì lọ hun aṣọ tirẹ̀.

Òfin Patents and Designs tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1970 ló ń darí méjì àkọ́kọ́ títí di òní. 20 ọdún ni pátẹ́ǹtì ń lò. Design ń lo ọdún 5, wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, kó di 15. Ètò kọ̀ǹpútà, abẹ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ ló wà gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ènìyàn kọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin 1988 sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Copyright Act 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023.

Nǹkan mẹ́ta nínú òfin 1970 yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe nǹkan fún èdè wa mọ̀.

Àkọ́kọ́, òfin náà sọ pé design jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlà, àwọ̀ àti ìrísí, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé nítorí àtiṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ṣe dá a. Ìforúkọsílẹ̀ tí LANCOR gbé dúró lé, design ni. Ẹ wá rí ibi tí àríyànjiyàn wà. Bí Shift mẹ́rin ṣe rí lójú, bí wọ́n ṣe tò ó, ìyẹn lè jẹ́ ìrísí. Ṣùgbọ́n pé kí ènìyàn tẹ bọ́tìnnì àfikún kí e lè di ẹ, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Bátànì orí aṣọ àti ọgbọ́n inú òfì, wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Èkejì, ọ́fíìsì tó ń forúkọ pátẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Àbújá kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tuntun ni ohun tí ẹ mú wá. Bí ìwé yín bá pé, tí ẹ sanwó, wọn á fún yín. Òfin fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹni tó gba pátẹ́ǹtì ló ru ewu rẹ̀, pé ìjọba ò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ láìsí ẹni tó dé orí ilẹ̀ náà wò bóyá ilé ti wà níbẹ̀. Tí onílé bá yọjú, ó di ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló lówó agbẹjọ́rò? Olùkọ́ iléèwé tó ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, lẹ́tà agbẹjọ́rò kan ṣoṣo tó láti mú un pa á tì.

Ẹ̀kẹta ni ìròyìn ayọ̀. Òfin kan náà sọ pé ohunkóhun tó bá ti wà níwájú gbogbo ènìyàn, níbikíbi láyé, kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó dé, kì í ṣe tuntun mọ́. Ohun tí kì í ṣe tuntun, kò sẹ́ni tó lè gba pátẹ́ǹtì tó múlẹ̀ lórí rẹ̀. Ìtumọ̀ ni pé ohun tí a bá gbé síta pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀ ti di ti gbogbo wa. Ohun tí a bá tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí eruku bò, ẹlòmíràn lè tún un dá kó sì forúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ohun tí ìtẹ̀jáde lè gbà lọ́wọ́ pátẹ́ǹtì

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lọ tí mo mọ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ ààbò gan-an. Ní 1977, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní MIT, Rivest, Shamir àti Adleman, rí ọ̀nà kan láti ti ọ̀rọ̀ pa, tí ẹnikẹ́ni á lè tì í ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣí i. RSA ni wọ́n sọ ọ́, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Ìwé ìròyìn Scientific American ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó lọ bèèrè pátẹ́ǹtì. Amẹ́ríkà gbà á, wọ́n fún wọn ní 1983. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè yòókù, ẹ̀pa ò bóró mọ́, torí ohun tí ìwé ìròyìn ti gbé jáde ti di mímọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2000, ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò ààbò ọ̀fẹ́ ní Amẹ́ríkà kò lè lo RSA bó ṣe wù ú láìgba àṣẹ. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, wọ́n ń lò ó fàlàlà. Ẹ ò rí i bí àlàfo oṣù mẹ́rin ṣe tó: ó ya ayé sí méjì fún ọdún 17. Ibi tí pátẹ́ǹtì ti ń di àwọn tó ń kọ ètò ọ̀fẹ́ lọ́wọ́, àwọn aráàlú ló ń pàdánù àgádágodo.

Ẹni tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń tẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìbéèrè kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù Android ti rí i rí: tí ẹ bá fẹ́ lo kíbọ́ọ̀dù tí kò bá fóònù yín wá, ìkìlọ̀ kan á jáde pé ètò yìí lè gba gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà àti nọ́ńbà káàdì báǹkì. Àwa á kàn tẹ OK. Ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe àsọdùn o. Kò sí ètò kankan lórí fóònù tó súnmọ́ wa tó kíbọ́ọ̀dù. Ó gbọ́ ohun tí ẹ kọ sí ìyàwó, ó gbọ́ PIN tí ẹ fi ránṣẹ́ owó, ó gbọ́ ohun tí ẹ kọ tí ẹ sì pa rẹ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, àwọn olùwádìí rí i pé kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń pè ní ai.type fi àkọsílẹ̀ nípa àwọn tó ń lò ó sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 31. Ní 2024, Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto yẹ kíbọ́ọ̀dù àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án wò, àwọn tí wọ́n fi ń tẹ èdè Ṣáínà. Nínú mẹ́jọ lára wọn, wọ́n rí àbùkù tó lè jẹ́ kí ẹlòmíràn tó wà lójú ọ̀nà ka ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà.

Kí ló dé tí mo fi mú ti Ṣáínà wá? Torí èdè wọn jọ tiwa ní ọ̀nà kan: wọn ò lè kọ ọ́ láìsí ètò kan láàárín ìka àti ojú ìwé. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lè lo kíbọ́ọ̀dù tó bá fóònù wá kó má wá òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ èdè rẹ̀ dáadáa ló máa ń lọ wá ètò kiri, òun náà ló sì ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Kò yẹ kí ìfẹ́ èdè ẹni di ilẹ̀kùn tí olè ń gbà wọlé.

Fèrèsé kan náà

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Sọ́fítíwià tí orísun rẹ̀ wà ní gbangba ni èyí tí àwọn tó kọ ọ́ fi ìwé tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà hàn, tí wọ́n sì yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn láti kà á, láti tún un ṣe, láti fún ẹlòmíràn. Tí kíbọ́ọ̀dù bá rí báyìí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á wò ó bóyá ó ń fi nǹkan ránṣẹ́ síbì kankan. Ìbéèrè ààbò nìyẹn. Ẹni náà á tún rí ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Ìbéèrè òfin nìyẹn. Àkọsílẹ̀ kan náà tó ń jẹ́rìí pé kíbọ́ọ̀dù ò jà wá lólè ló ń jẹ́rìí pé kò ja ẹlòmíràn lólè.

Àwọn ìwé àṣẹ kan tilẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Apache 2.0 tó jáde ní 2004 àti GPL ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2007 sọ pé ẹni tó bá dá sí iṣẹ́ náà ti yọ̀ǹda pátẹ́ǹtì tó bá ní lórí ohun tó mú wá. Kò lè bá wa dáko tán kó tún padà wá pè wá lẹ́jọ́ pé òun ló ni ọkọ́.

Mi ò sọ pé gbangba jẹ́ oògùn o. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní OpenSSL, òun ló ń ti ọ̀rọ̀ pa lórí ọ̀pọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Gbangba ni orísun rẹ̀ wà, síbẹ̀ àbùkù ńlá tí wọ́n pè ní Heartbleed wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó kéde rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Àwọn tó ń lò ó pọ̀ bí ewé, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba. Ní 2024 ni ti xz ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan fi ohun tó ju ọdún méjì ṣe ọmọlúwàbí níbi iṣẹ́ náà, títí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, tó ti rẹ̀, fi gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ síbẹ̀. Andres Freund, ẹnjiníà kan ní Microsoft, ló tú u fó ní oṣù kẹta. Ohun tó fu ú lára ni pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ò yọjú níbẹ̀, ògiri ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Freund yọjú, fèrèsé wà tó lè yọjú. Ó tọ ipasẹ̀ olè náà títí dé ìdí, kò sì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé títì ni ìwé náà wà, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn ì bá di ohun tí a kàn ń ráhùn nípa rẹ̀.

Ó dáa, kíbọ́ọ̀dù wo wá ni?

Mo ṣèlérí ìdáhùn, òun rèé. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ń lo Linux kò ní láti wá nǹkan kan: nínú ètò kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, Yorùbá wà. Windows náà ti ní tirẹ̀. Keyman, tí àjọ SIL ń tọ́jú, wà fún kọ̀ǹpútà àti fóònù, ó ní Yorùbá, gbangba sì ni orísun rẹ̀ wà. Àwọn tó ṣe Yorubaname, lábẹ́ Kọ́lá Túbọ̀sún, náà ti fi kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ síta. Gboard ti Google ní Yorùbá. Inú rẹ̀ ò ṣí sílẹ̀ fún wa, àmọ́ ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bi léèrè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Kí orúkọ má sì tàn yín, ẹ mú ìdánwò mẹ́ta yìí lọ́wọ́. Ṣé kíbọ́ọ̀dù náà ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì? Fífi àmì sábẹ́ o ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ẹ rí orúkọ ẹni tó ṣe é, tí ẹ sì lè rí orísun rẹ̀? Tí ẹ bá sì fẹ́ tẹ PIN báǹkì, ẹ kọ́kọ́ padà sí kíbọ́ọ̀dù tó bá fóònù wá. iPhone máa ń ṣe èyí fúnra rẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ aṣínà. Lórí fóònù yòókù, ọwọ́ ara yín ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ ti di olùkọ́ ní yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ tiyín wúwo díẹ̀. Àwọn ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí àkọtọ́, lórí fọ́ǹtì, lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n to lẹ́tà Yorùbá. Ẹ má jẹ́ kó parí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ gbé e síta pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é, kí ẹ fi ìwé àṣẹ tó mẹ́nu ba pátẹ́ǹtì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Túndé Adégbọlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ALT-I ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ kí èdè wa lè gbé inú ẹ̀rọ. Wọn ò yẹ kí wọ́n nìkan dá a ṣe. Ẹ má sì sọ pé onímọ̀ èdè lẹ jẹ́, pé ti kọ̀ǹpútà kọ́ ni tiyín. Fáìlì kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe awo. Ẹni tó lè ṣàtúpalẹ̀ gbólóhùn lè kà á láàárín ọ̀sán kan, òun ló sì máa mọ̀ bí wọ́n bá fi àmì ohùn ṣíwájú lẹ́tà tó yẹ kó gùn. Ojú tí à ń wá láti yọjú ní fèrèsé yẹn, ojú yín wà lára rẹ̀.

Ẹ wo fóònù yín lónìí. Tí kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ń lò ò bá sọ ẹni tó ṣe é, tó sì ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó fún yín ní ọ, ẹ yọ ọ́ kúrò.